Ogójì Fàdákà Àlàájì Jàfárù

Bí ẹ bá wọ Ìgàndò lọ́dún tí mò ń wí yìí, tí ẹ sì ṣèèṣì kí Àlàájì Jàfárù Sàlàkọ́ pé "ẹ kú ọ̀sán o," ẹ ti kó sí i nìyẹn. Kò ní jẹ́ kí ẹ lọ. Yóò fà yín lọ́wọ́ wọ pálọ̀, yóò fi yín jókòó síwájú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tó ga tó èèyàn, yóò mú tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì mẹ́ta, yóò sì máa tàn án sí owó fàdákà níkọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án gangan, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó fàdákà ogójì. Ẹ ó wo gbogbo wọn. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan láti sọ fún un pé ewúrẹ́ rẹ̀ wà nínú oko ẹ̀gẹ́ òun. Ìgbà tí ọkùnrin náà máa fi rí ẹnu sọ̀rọ̀, ewúrẹ́ ti jẹun yó, ó ti darí sílé.

Owó wọ̀nyí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ná lọ́jà. Owó ìrántí ni. Bí ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá pé ọdún báyìí lórí oyè, tàbí tó pé ọdún báyìí tó ti ṣègbéyàwó, wọn a rọ owó ńlá rìbìtì kan, wọn a ya àwòrán ọba sí i, wọn a tẹ́ ẹ sínú àpótí pẹlẹbẹ tó ní aṣọ àrán nínú, wọn a sì máa tà á fún ẹni tó bá fẹ́. Nílùú àwọn tó ni ọba ńkọ́? Wọn a ra ẹyọ kan fún ọmọ wọn, wọn a gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Ní Ìgàndò, Jàfárù Sàlàkọ́ ń ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ rà á.

Ilẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Láti etí títì ló ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ẹ̀bá àbàtà tó kọjú sí Ìjẹ̀gùn. Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti ọsàn ni, kò sẹ́ni tó ń du ú mọ́ wọn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì dé, ìjọba kó owó àfikún oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, gbogbo akọ̀wé Èkó wá ń wá ibi tí wọ́n á kọ́lé sí. Wọ́n ń wọ́ mọ́tò nínú ẹrẹ̀ wá bá a. Àwọn onílẹ̀ mìíràn fi tiwọn kọ́ ilé tí wọ́n ń gbowó rẹ̀, àwọn kan rán ọmọ lọ sókè òkun. Ká má parọ́ mọ́ Jàfárù, òun náà lọ sí Mẹ́kà, ó ra Pijó, ó fi páànù tuntun bo orí ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, bí pulọ́ọ̀tì kan bá lọ, àpótí kan wọlé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí yẹn, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló di ìgbéyàwó ọba tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Níbo ni àrùn yìí ti wọ̀ ọ́ lára? Ó ní ọjọ́ tí ọba obìnrin wá sí Èkó ni, lọ́dún 1956. Jàfárù ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà nígbà náà. Ó dúró sétí títì láti àárọ̀ nínú oòrùn, òun àti èrò rẹpẹtẹ. Mọ́tò kọjá fìrí, ọwọ́ kan nínú ìbọ̀wọ́ funfun jù síta lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ọwọ́ tí wọ́n jù sí gbogbo Èkó, Jàfárù gbà pé òun ni wọ́n jù ú sí. "Ó rí mi," ló máa ń wí. "Ojú wa ṣe mẹ́rin." Ọmọ ogún ọdún tó rù bí ìgbálẹ̀, tí símẹ́ńtì bo gbogbo irun rẹ̀!

Ẹni tó ń ta owó fún un ni Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi rí. Ó ní ọ́fíìsì bíńtín kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àga méjì, fáànù kan, àti ahọ́n tó dùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Jàfárù bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo ọlọ́gbọ́n bi í.

"Ṣé fàdákà ni ṣá?"

Olúbọ̀dé wò ó bí ẹni pé ó bú ọba. "Àlàájì, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá bíi tèmi! Ẹ rò ó wò. Ṣé ọba á jókòó, á fi irin lásán ya orí ara rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jàfárù létí. Ó mọ ohun tí ọba jẹ́. Ọba tiwa kì í wọ aṣọ àlòkù jáde, kì í jẹun lójú títì, báwo ni ọba á ṣe fi ojú ara rẹ̀ sórí ohun tí kò níyì? Kò tún bi í mọ́. Ó ń san ogójì náírà lórí ẹyọ kan, ó sì ń dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí: lébìrà tó ń kó iyanrìn sí típà láti àárọ̀ dalẹ́, ó lè ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó má rí iye yẹn.

Lọ́dún 1977, tí ọba obìnrin náà pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè, Jàfárù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó ra èyí tí ọba ti gun ẹṣin. Ó ra ti erékùṣù kan, ó ra ti èkejì, àwọn erékùṣù tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló pọ̀ ju èèyàn lọ níbẹ̀. Pulọ́ọ̀tì méjì lọ lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá láàárín oṣù kan.

"Bàbá Ìdíátù," ni ìyàwó rẹ̀ Sìdíkátù wí, obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ìkòtún, tí kì í sọ̀rọ̀ méjì, "ṣé a ò ti gba òmìnira ni? Ọba tó ti di ẹrù rẹ̀ lọ, kí lẹ tún ń sìn ín fún?"

"Obìnrin ò mọ nǹkan," ni Jàfárù dáhùn.

"Ó dáa. Ẹ má gbàgbé láti bù ú sínú àwo kẹ́ ẹ fi jẹ̀bà."

Kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún ní ihò ogójì tí káfíńtà gbẹ́ sínú rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo àpótí wọlé tán, owó jẹ́ mọ́kàndínlógójì, ihò kan ṣófo bí eyín tó yọ. Ojú ń ro ó. Ló bá rántí owó ìyá rẹ̀.

Owó kan ni, dúdú bí ìdí ìkòkò, tí wọ́n lu ihò sí lórí láti ki òwú bọ̀ ọ́. Bàbá ìyá rẹ̀ tó ń ru ẹkùrọ́ lọ sí Èkó láyé ọjọ́ un ló mú un bọ̀. Orí ọba obìnrin tàtijọ́ ló wà lára rẹ̀, àti nọ́ńbà 1887, ọdún tí ìyẹn pé àádọ́ta ọdún lórí oyè. Ọrùn ni Àdíját, ìyá Jàfárù, ń so ó mọ́ títí ó fi kú. Bí Jàfárù bá ṣubú nígbà èwe tí iwájú orí rẹ̀ sì wú, ìyá rẹ̀ á bọ́ owó náà lọ́rùn, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó wú, á ní, "Dákẹ́, ó ti ń lọ, ó ti ń lọ." Owó náà máa ń tutù. Ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ó tì í sínú ihò ìkẹyìn, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, níbi tí iná tọ́ọ̀ṣì kì í dé.

Wàyí o, ohun kan ṣoṣo ló kù tí Jàfárù ń fẹ́ láyé. Bàbá Àdínì mọ́sálásí wọn ti kú láti ọdún méjì, oyè ṣófo. Oyè Bàbá Àdínì kì í ṣe ti ẹni tó mọ kéwú jù, ti ẹni tí ojú ń wò ni, ẹni tí yóò máa náwó sí ẹ̀sìn. Jàfárù ti ń wé láwàní wò níwájú dígí. Bó bá ń rìn, ó ń rìn bí Bàbá Àdínì. Bó bá húkọ́, ikọ́ Bàbá Àdínì ni. Àwọn àgbà mọ́sálásí náà kúkú ti gbà fún un lábẹ́lẹ̀, wọ́n ní bí ààwẹ̀ Ràmàdáànì ọdún 1978 bá ti parí, Jímọ̀ tó bá tẹ̀ lé ọdún, wọn á wé e fún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀ ni Lèmọ́mù wá sílé rẹ̀. Sàlámì lorúkọ Lèmọ́mù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rán ṣòkòtò, tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, tí kì í sì í gbàgbé nǹkan. Ó jókòó jẹ́jẹ́. Jàfárù tan tọ́ọ̀ṣì. Ó wo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù.

"Àlàájì, ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó lé!" Jàfárù rò pé ìyìn ló ń bọ̀. "Òmíì ti tó ọdún mẹ́ta."

"Ogójì ni wọ́n, àbí?"

"Ogójì géérégé."

"Fàdákà pọ́ńbélé?"

"Lèmọ́mù, bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí Ọlọ́run má gba ààwẹ̀ mi."

"Àlùhámdù lílàhì," ni Lèmọ́mù wí. "Ó ti kọjá òṣùwọ̀n, ó sì ti pé ọdún. Sàká ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìdá kan nínú ogójì. Ẹyọ kan ni."

Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Ilẹ̀ tí Jàfárù ń tà láti ọjọ́ yìí wá, kò yọ sàká kọ́bọ̀ lórí owó rẹ̀ rí, torí kì í jẹ́ kí owó ọ̀hún pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di àpótí. Ta ló mọ̀ pé orí àpótí náà ni sàká máa bá a? Ó pa tọ́ọ̀ṣì náà.

"Ẹ lè san iye tí ẹ rà á," ni Lèmọ́mù tún fi pẹ̀lẹ́ wí. "Ẹ ti máa ń sọ fún wa pé ogójì náírà ni. Tàbí kí ẹ yọ ẹyọ kan nínú wọn gan-an. Èyíkéyìí tó bá rọrùn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ní ká má ṣa èyí tí kò dára nínú ohun ìní wa fi tọrẹ, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún àwa náà, àfi ká dijú ká tó gbà á. Ẹ sì mọ̀ pé a ò lè wé láwàní fún ẹni tí kò yọ sàká."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Jàfárù fi ń wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ogójì náírà dùn ún. Èyí tí ọba ti gun ẹṣin, àfi bí wọ́n bá gé ọwọ́ rẹ̀. Ti erékùṣù ìkíní? Á ba ìkejì jẹ́. Ọkàn rẹ̀ lọ síbí, ó bọ̀ lọ́hùn-ún, ó wá balẹ̀ síbi tó yẹ ká ti mọ̀ pé yóò balẹ̀ sí.

Sìdíkátù bá a níbi tó ti ń fi ṣíbí yọ owó dúdú nínú ihò ìsàlẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà lọ sí àyà.

"Bàbá Ìdíátù! Owó ọrùn Màmá?"

"Ó ti lu. Ó ti dúdú. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Lèmọ́mù ò ha sọ pé ká má fi èyí tí kò dára ṣe sàká?"

"Fàdákà ni fàdákà ń jẹ́. Ìwọ ni Ọlọ́run rán?"

"Ohun a ní là ń náání," ni Sìdíkátù wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, "ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi." Ó jáde lọ, kò sì bá a jẹ sààrì lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lójú gbogbo ìjọ, Jàfárù dìde pẹ̀lú agbádá léèsì, ó tú áńkáṣífù, ó sì gbé owó náà lé Lèmọ́mù lọ́wọ́. Àwọn tó wà níwájú nàgà. Wọ́n rí ohun dúdú kan. Ẹnìkan fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ó ti dàgbà ni," ni Jàfárù wí, ó sì tètè jókòó. Lèmọ́mù yí owó náà lọ, ó yí i bọ̀. Ó pe Ìyá Sàúdátù, opó kan tó ń yan ẹ̀pà tà lẹ́yìn mọ́sálásí, tí kò lọ́mọ lókè eèpẹ̀, ó sì fi í lé e lọ́wọ́. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó wúre títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Jàfárù ṣe àmín bí ẹni tó fún un ní ilé.

Àṣé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá Sàúdátù mú owó náà lọ sí Ìkòtún, sọ́dọ̀ Ṣàfíù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rọ fàdákà. Ìròyìn sì padà sí Ìgàndò kí ìyá náà fúnra rẹ̀ tó padà: Ṣàfíù ní fàdákà gidi ni! Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń fẹ́ ẹwìrì, ìwọ̀nba lòun rí irú rẹ̀. Ó fi díẹ̀ rọ òrùka fún ìyá náà, ó sì ra ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, owó gaàrí àti epo tó máa gbé e dé ọjọ́ ìtúnu.

Inú Jàfárù dùn dé gongo. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀ ná. Bí èyí tó burú jù, tó lu, tó dúdú, bá jẹ́ fàdákà gidi, kí wá ni àwọn tó ń kọ mànàmànà? Ó wọ Pijó, ó fi èyí tí ọba ti gun ẹṣin sínú àpótí àrán, ó kọrí sí Ìkòtún. Ó fẹ́ kí Ṣàfíù sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn, kí ìròyìn yẹn náà ṣáájú òun délé.

Èèyàn méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù. "Ṣàfíù," ni Jàfárù ké láti ẹnu ọ̀nà, "o rí ọmọ, wá wo ìyá!"

Ṣàfíù fi aṣọ nu ọwọ́. Ó gba owó náà, ó jẹ́ kó bọ́ sórí òkúta. Ó gbọ́ bó ṣe ró, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó yíjú sí àwọn méjì yẹn, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ padà wá lẹ́yìn àsáárì." Wọ́n lọ.

"Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n fi fáìlì kàn án létí díẹ̀."

"Kàn án!"

Ó fi fáìlì ha etí rẹ̀, ó fi ibẹ̀ fa ilà sórí òkúta dúdú kan, ó sì kán omi kíkan kan tí wọ́n fi ń dá fàdákà mọ̀ sórí ilà náà. Omi náà hó, ó di àwọ̀ ewé. Ṣàfíù gbé òkúta náà sílẹ̀.

"Ta ló tà á fún yín?"

"Kí ló dé?"

"Bàbà ló pọ̀ nínú ẹ̀, Àlàájì. Nǹkan mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn ló jẹ́ kó funfun. Fàdákà ò sí níbẹ̀, ó tì o."

Jàfárù rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọba á fi bàbà ya orí ara rẹ̀ ni?"

"Èmi ò mọ ti ọba. Iná àti omi kíkan lèmi mọ̀."

"Ti Ìyá Sàúdátù yẹn tó dúdú bí èédú ńkọ́?"

"Ìyẹn ni fàdákà. Bí fàdákà bá wà nílẹ̀ tí a kò nù ún, ńṣe ló ń dúdú. Àwọn tiyín tó ń dán láti ọdún mẹ́ta yẹn, dídán wọn gan-an ló yẹ kó ti kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù."

Jàfárù jókòó lórí àpótí òfìfo kan, agbádá rẹ̀ wọnú eérú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: kí Ṣàfíù dá owó dúdú náà padà fún òun, òun á san ogójì náírà, òun á san ọgọ́rin. Ṣàfíù na ọwọ́ sí ìkòkò iná. Ó ti yọ́ ọ. Orí ọba obìnrin tàtijọ́ ti lọ, ihò òwú Àdíját ti lọ, ìyókù rẹ̀ ti di yẹtí tí ìyàwó ọ̀ṣìngín kan gbé lọ sí Ṣáṣá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹnìkan ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, Àlàájì," ni Ṣàfíù wí. "Iṣẹ́ wa kì í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́nu."

Lójú ọ̀nà, Jàfárù yà sábẹ́ igi máńgòrò, ó pa mọ́tò. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, níbi tó máa ń wú nígbà èwe. Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ ká fi ti pé mò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ bò ó: ọkùnrin náà sunkún. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó jẹ́ ojúlówó, òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣíbí yọ ọ́, nítorí pé ó kéré lójú rẹ̀.

Ìgbà tó délé, ó gbé àwọn àpótí kalẹ̀. Lábẹ́ aṣọ àrán inú wọn, ìwé pélébé kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ka irú rẹ̀ rí, torí ó gbà pé ìyìn ọba ni wọ́n kọ síbẹ̀. Jàfárù kàwé dé kíláàsì kẹrin kó tó lọ kọ́ṣẹ́. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì rí i kedere lórí ìlà ìkẹyìn: bàbà àti níkẹ́lì, irin tó ń mú bàbà funfun. Èkejì, bàbà àti níkẹ́lì. Ìkẹta, bákan náà. Àwọn tó rọ ọ́ ò tàn án jẹ. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbójú kúrò lára àrán kó sì gbé e sókè. Ó lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ kejì. Fáànù Olúbọ̀dé ò sí níbẹ̀ mọ́, Olúbọ̀dé náà ò sì sí níbẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n wé láwàní. Jàfárù ò lè gbé e mì, kò lè pọ̀ ọ́. Ó lọ bá Lèmọ́mù níbi tó ti ń rán ṣòkòtò.

"Lèmọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ní Ayọ̀bọ̀. Ó rò pé fàdákà lòun kó jọ, ó wá rí i pé kì í ṣe fàdákà. Ṣé sàká wọ̀ ọ́?"

Ẹsẹ̀ Lèmọ́mù dúró lórí maṣíìnì. "Rárá o. Kò sí sàká lórí bàbà tí èèyàn fi ṣe ọ̀ṣọ́."

Jàfárù mí kanlẹ̀. Lèmọ́mù ò tíì parí ọ̀rọ̀.

"Àmọ́ ṣé ó ti sọ fún àwọn èèyàn pé fàdákà ni?"

"Ó... ó sọ ọ́ díẹ̀."

"Kí ọ̀rẹ́ yín dìde lọ́jọ́ Jímọ̀, kó ní, 'Ẹ̀yin ìjọ, mo ṣèṣì, bàbà ni.' Ó parí. Ọrùn rẹ̀ mọ́. Àlàájì, ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín ní Ayọ̀bọ̀ pé ìṣẹ́jú kan péré ni ìtìjú ń gbà."

Lèmọ́mù tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ maṣíìnì. Kò wo ojú rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan péré! Jàfárù rò ó délé, ó rò ó mọ́jú. Ó rí ara rẹ̀ níwájú ìjọ. Ó rí ọkùnrin ewúrẹ́ yẹn tó ń di ikùn mú lẹ́rìn-ín. Ó rí láwàní náà lórí ẹlòmíràn. Ó sọ fún Sìdíkátù pé bóyá kí àwọn kúkú ní olè ti kó owó náà lọ. Sìdíkátù, tó ti ka ìwé pélébé náà lórí tábìlì, tí kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Olè wo? Olè tó bá jí i, ṣé kò ní dá a padà?"

Jímọ̀ dé, kò sọ ọ́. Jímọ̀ kejì dé, wọ́n wé láwàní fún un, funfun báláú, wọ́n sì pè é ní Bàbá Àdínì Onífàdákà. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ orúkọ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu èrò, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Kọ́bọ́ọ̀dù ò kúrò nílẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ló sọ pé ó bàjẹ́.

Ràmàdáànì ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà mọ́sálásí wá, Lèmọ́mù wà láàárín wọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé Bàbá Àdínì ò ní fẹ́ yọ lára fàdákà rẹ̀ mọ́, àwọn á gba iye tó rà á. Lèmọ́mù wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, gbayawu. Jàfárù wo ojú rẹ̀, ó wo ojú àwọn ìyókù, ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó sì ka ogójì náírà sílẹ̀. Báyìí ló ṣe di Mùsùlùmí kan ṣoṣo láti Ìgàndò dé Ìkòtún tó ń yọ sàká lórí bàbà, lọ́dọọdún, láìyẹ̀. Ẹni tí kò yọ kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀ rí! Ọlọ́run mọ bí yóò ṣe gba tirẹ̀ lọ́wọ́ kálukú.

Ìyá Sàúdátù ni wọ́n tún kó owó náà fún. Ó wá dúpẹ́ nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ò lè dúró de Jímọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí mọ́kàndínlógójì ti ń dán yanran, tí ihò ìsàlẹ̀ sì ṣófo. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti wúre. Òrùka kan wà ní ìka rẹ̀. Eérú ẹ̀pà ti wọ̀ ọ́, ó sì ti ń dúdú.

"Ẹ má wo ìdọ̀tí rẹ̀ o, Bàbá Àdínì," ni ìyá náà wí, ó fẹ́ fi ìró nù ún.

"Ẹ má nù ún, Ìyá," ni Jàfárù wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ìyá náà na ọwọ́ sí i, ẹnu sì yà á díẹ̀. Jàfárù fi ìka méjì kan òrùka náà. Ó tutù.

"Ọlọ́run á dá a padà fún yín ní ìlọ́po," ni Ìyá Sàúdátù wí, tọkàntọkàn. "Bí ẹ ṣe fún mi ní ojúlówó fàdákà yín, tí ẹ ò fi èyí tí kò dára fún mi, Ọlọ́run á sọ gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ yín di irú rẹ̀."

Sìdíkátù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ló kọ́kọ́ ṣe àmín, ó sì ṣe é sókè.

"Àmín," ni Jàfárù wí.